Bí A Ṣe Ń Tọ Ipasẹ̀ Sabina Spielrein Nínú Àwọn Ìwé Tó Kù Lẹ́yìn Rẹ̀

Sabina Spielrein wà lára àwọn obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe iṣẹ́ psychoanalysis, ìyẹn ọ̀nà ìtọ́jú ọkàn tí Sigmund Freud dá sílẹ̀, níbi tí aláìsàn ti ń sọ̀rọ̀, tí oníṣègùn sì ń fetí sí ohun tó fara pamọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà. Ìlú Rostov ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1885. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Zurich, ó bá Freud jókòó ní ìpàdé ní Vienna, ó gbé ní Berlin, Lausanne àti Geneva, ó padà sí Rọ́ṣíà ní 1923, ìlú Rostov kan náà sì ni àwọn ọmọ ogun Jámánì ti pa òun àti àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì ní 1942. Fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, àárín àlàyé ìsàlẹ̀ ìwé àwọn ẹlòmíràn nìkan ni a ti ń rí orúkọ rẹ̀. Lónìí, ẹni tó bá tẹ orúkọ náà sínú íntánẹ́ẹ̀tì yóò rí ìtàn rẹpẹtẹ, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì dá lórí ohun kan ṣoṣo, ìyẹn ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tó wáyé láàárín òun àti Carl Gustav Jung, dókítà tó tọ́jú rẹ̀ nígbà tó jẹ́ ọ̀dọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìgbésí ayé obìnrin yìí láìgba ti ẹlòmíràn gbọ́ ni mo ń kọ àlàyé yìí fún: akẹ́kọ̀ọ́, oníròyìn, olùkọ́, tàbí ẹni tó kàn fẹ́ràn ìtàn. Ìlànà tó wà nínú rẹ̀ bá ẹnikẹ́ni mìíràn nínú àwọn àkọ́kọ́ oníṣẹ́ yìí mu, ṣùgbọ́n Spielrein ni mo mú nítorí pé ìwé tirẹ̀ fi hàn kedere bí ọ̀nà tí ìwé gbà dé ọwọ́ wa ṣe lè yí ìtàn ènìyàn padà. Kí ẹ tó béèrè ohun tí lẹ́tà kan sọ, ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tó pa á mọ́, ibi tó pa á mọ́ sí, àti ẹni tó kọ́kọ́ láṣẹ láti tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ọwọ́ tí ìwé gbà kọjá

Nígbà tí Spielrein kúrò ní Geneva ní 1923, ìwé rẹ̀ púpọ̀ kò bá a lọ. Ní ọdún 1977 ni wọ́n rí wọn nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ ilé ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Palais Wilson ní Geneva, níbi tí ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ọkàn ìlú náà ti wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n kó wọn fún Aldo Carotenuto, oníṣẹ́ ìtọ́jú ọkàn ní ìlànà Jung ní ilẹ̀ Ítálì, òun ló sì tẹ ìwé àkọ́kọ́ lórí wọn jáde ní 1980. Ohun tó wà nínú ẹrù náà ni ìwé ìrántí ojoojúmọ́ tí Spielrein kọ láàárín 1909 sí 1912, lẹ́tà 46 tí Jung kọ sí i, 12 tí òun kọ sí Jung, 20 tí Freud kọ sí i, àti 2 tí òun kọ sí Freud.

Ẹ dúró díẹ̀ lórí àwọn iye wọ̀nyí. Bí ẹ bá ka ẹrù Geneva nìkan, ẹ óò rò pé ọdún mẹ́rin péré ni obìnrin yìí fi kọ èrò ọkàn rẹ̀ sílẹ̀, pé àwọn ọkùnrin olókìkí méjì ló gba gbogbo ìgbésí ayé rẹ̀, àti pé ìgbésí ayé náà parí ní 1923. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ọdún mọ́kàndínlógún ló tún gbé láyé lẹ́yìn tó fi Geneva sílẹ̀, ó sì ṣiṣẹ́ láàárín wọn. Yàrá abẹ́ ilẹ̀ kan ló ṣe àṣàyàn fún wa, àwọn òǹkọ̀wé sì gba àṣàyàn náà bí ẹni pé Spielrein fúnra rẹ̀ ló ṣe é.

Ohun kejì ni pé nígbà tí ìwé 1980 jáde, lẹ́tà Jung kò sí nínú rẹ̀, nítorí pé àwọn tó ni ẹ̀tọ́ sí wọn kò tíì fọwọ́ sí i. Ìgbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní èdè Jámánì ní 1986 ni àwọn lẹ́tà náà tó jáde síta. Nítorí náà, ẹ wo ọdún tí wọ́n tẹ ìwé tàbí àpilẹ̀kọ kankan tí ẹ bá fẹ́ gbára lé. Ẹni tó kọ̀wé ní 1983 kò rí ohun tí ẹni tó kọ̀wé ní 1990 rí, ohùn ẹnìkan nínú ẹjọ́ ẹni méjì ló sì gbọ́. Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ìbéèrè yìí kan náà ni kí ẹ bi ìwé Freud. Ní 1951 ni Kurt Eissler, oníṣẹ́ psychoanalysis kan, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní New York láti kó lẹ́tà Freud jọ àti láti fọ̀rọ̀ wá àwọn tó mọ̀ ọ́n lẹ́nu wò. Ilé Ìkàwé ti Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Amẹ́ríkà, ìyẹn Library of Congress ní Washington, ni wọ́n ń kó gbogbo rẹ̀ fún, ṣùgbọ́n wọ́n fi òfin de púpọ̀ nínú wọn, wọ́n ní kò gbọdọ̀ ṣí títí di ọdún tí wọ́n dá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí ayé mọ̀ nípa Freud kò kọjá ohun tí wọ́n fàyè gbà kí wọ́n kà. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti ṣí báyìí, ohun tí mo sì kà sí ìròyìn ayọ̀ jù fún àwa tí a jìnnà sí Washington ni pé láti ọdún 2017 ni wọ́n ti gbé àwòrán ìwé Freud sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọ̀fẹ́.

Ẹ to ọjọ́ kí ẹ tó to èrò

Ẹ mú ìwé kan, ẹ fa ìlà sí i, kí ẹ kọ ọjọ́ sí apá òsì, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àárín, àti ibi tí ẹ ti rí i sí apá ọ̀tún. Ẹ má tíì kọ èrò kankan síbẹ̀. Fún Spielrein, ẹ lè fi àwọn wọ̀nyí bẹ̀rẹ̀: ọjọ́ 17 oṣù Kẹjọ 1904 ni wọ́n gbà á sí Burghölzli, ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ní Zurich tí Eugen Bleuler jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, ọmọ ọdún méjìdínlógún sì ni nígbà náà, ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà 1905 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ọdún náà gan-an ló wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Yunifásítì Zurich, ó gba oyè dókítà ní 1911, ó wọ ẹgbẹ́ Freud ní Vienna ní ìparí ọdún yẹn, ó fẹ́ Pavel Scheftel, dókítà bíi tirẹ̀, ní 1912, ó bí Renata ní Berlin ní oṣù Kejìlá 1913, ó bí Eva, ọmọ rẹ̀ kejì, ní 1926.

Kàlẹ́ńdà lè dojú ìwé yìí rú. Rọ́ṣíà kò gba kàlẹ́ńdà tí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù ń lò títí di 1918. Kàlẹ́ńdà àtijọ́ tí wọ́n ń lò fi ọjọ́ 12 rẹ̀yìn láàárín 1800 sí 1900, lẹ́yìn náà ó fi ọjọ́ 13 rẹ̀yìn. Ọjọ́ ìbí Spielrein jẹ́ 25 oṣù Kẹwàá 1885 ní kàlẹ́ńdà àtijọ́. Bí ẹ bá fi 12 kún un, ẹ óò dé 6 oṣù Kọkànlá. Ṣùgbọ́n ẹ óò rí i nínú àwọn ìwé kan pé 7 oṣù Kọkànlá ni, ohun tí ẹni tó bá fi 13 kún un yóò rí nìyẹn. Ọjọ́ kan péré ni ìyàtọ̀ náà, kò sì ba ìtàn jẹ́, àmọ́ ó kọ́ wa pé kí a kọ ọjọ́ tó wà lórí ìwé gan-an sílẹ̀ ná, kí a tó kọ ìṣírò tiwa sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nínú lẹ́tà tí àwọn ará Rostov kọ sí ọmọ wọn tó wà ní Switzerland, ọjọ́ 13 lè sọ èsì di ohun tó ṣáájú ìbéèrè.

Ìwé ọjọ́ yìí náà ni yóò gbà yín lọ́wọ́ àwọn ìtàn tó dùn ún gbọ́ tí kò sì rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ń sọ pé Spielrein ló dá ilé ìtọ́jú ọmọdé tó lókìkí ní Moscow sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń darí ní ìlànà Freud. Ọdún 1921 ni ilé náà ṣí, Vera Schmidt ni ó sì ń darí rẹ̀. Ọdún 1923 ni Spielrein tó dé láti Geneva. Ó bá wọn ṣiṣẹ́ ní Moscow, ó sì kọ́ni níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó dé lẹ́yìn ọdún méjì kò lè jẹ́ olùdásílẹ̀. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ikú rẹ̀. Ẹ óò bá a pàdé nínú àwọn ìwé kan pé 1941 ni wọ́n pa á. Ẹ wo ìtàn ogun: ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn ọmọ ogun Jámánì gba Rostov. Ti àkọ́kọ́, ní oṣù Kọkànlá 1941, kò ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lọ kí àwọn ọmọ ogun Soviet tó lé wọn jáde. Wọ́n tún gba ìlú náà ní ìparí oṣù Keje 1942, ní oṣù Kẹjọ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n sì pàṣẹ kí gbogbo Júù ìlú náà péjọ, tí wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn lọ sí àfonífojì Zmievskaya Balka lẹ́yìn ìlú, tí wọ́n sì pa wọ́n síbẹ̀. Ibẹ̀ ni Spielrein, Renata àti Eva kú sí.

Ibi tí ìwé wà, àti bí ẹ ṣe lè dé ibẹ̀

Kí ẹ tó wá ohunkóhun, ẹ kọ gbogbo ọ̀nà tí orúkọ náà lè gbà jáde sílẹ̀: Spielrein, Spielrein-Scheftel, Shpilrein, Špil'rejn, àti bó ṣe rí ní lẹ́tà Rọ́ṣíà, Шпильрейн. Ẹ̀rọ ìwádìí kò mọ̀ pé ènìyàn kan náà ni gbogbo wọn. Ẹni tó bá tẹ Spielrein nìkan yóò pàdánù púpọ̀ nínú ohun tí àwọn ará Rọ́ṣíà kọ, ibẹ̀ sì ni àlàyé nípa ọdún ìkẹyìn rẹ̀ wà jù.

Lẹ́tà tí Jung kọ sí Freud wà ní Washington. Èyí tí Freud kọ sí Jung wà ní Zurich, ní ilé ìpamọ́ ìwé ti ETH, ilé ẹ̀kọ́ gíga tí ìwé Jung wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí èyí yé yín dáadáa nítorí pé ó máa ń dààmú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀: ọwọ́ ẹni tí a kọ lẹ́tà sí ni lẹ́tà ń gbé. Bí ẹ bá ń wá ohun tí Freud sọ fún ẹnìkan, ilé ẹni náà ni kí ẹ wò. Èyí ló fà á tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá rí lẹ́tà Spielrein sí Jung nínú ẹrù Spielrein fúnra rẹ̀, ó yẹ kí ẹ fura. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àkọsílẹ̀ ìgbìdánwò tí kò fi ránṣẹ́, tàbí ẹ̀dà tó pamọ́, tàbí ohun tó kọ tó sì yí padà kó tó tún un kọ. Ẹ má ṣe kọ ọ́ pé “Spielrein sọ fún Jung pé” títí ẹ óò fi rí èsì Jung tó fi hàn pé lẹ́tà náà dé. Ẹ kọ ọ́ pé “Spielrein kọ ọ́ sílẹ̀ pé”, ìyẹn ti tó.

Láti lo ti Washington láti orí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, ẹ lọ sí ojú òpó Library of Congress, kí ẹ wá Sigmund Freud Papers. Ohun méjì ni ẹ óò rí. Ọ̀kan ni àwòrán ojú ewé fúnra wọn. Èkejì ni ìwé atọ́nà, ìyẹn àkójọ tó sọ bí wọ́n ṣe pín ìwé náà sí ọ̀wọ́, àpótí àti fáìlì, pẹ̀lú orúkọ àwọn tí Freud bá kọ̀wé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fo ìwé atọ́nà yìí kọjá torí pé kò dùn ún kà. Ẹ kà á ṣáájú àwòrán kankan. Òun ló sọ ìtàn bí àkójọ náà ṣe dé ibẹ̀, àwọn tó fún wọn ní ìwé, àti fáìlì tó ṣì wà lábẹ́ òfin. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ nọ́ńbà àpótí àti orúkọ fáìlì tí ẹ fẹ́, kí ẹ wá ṣí àwòrán wọn. Àwòrán náà wúwo, ó sì máa ń jẹ dátà, nítorí náà ó dára kí ẹ wà á sórí ẹ̀rọ yín lẹ́ẹ̀kan níbi tí Wi-Fi bá wà ju kí ẹ máa ṣí i léraléra lọ. Bí nǹkan kan bá rú yín lójú, àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé náà máa ń dáhùn ìbéèrè tí ènìyàn bá fi ránṣẹ́ láti ojú òpó wọn. Ẹni tó bá lè dé ibẹ̀ fúnra rẹ̀ yóò kọ́kọ́ gba káàdì òǹkàwé, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ti Zurich le díẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ̀wé ṣáájú, kí ẹ sọ ohun tí ẹ ń wá ní pàtó, ọ̀pọ̀ ìwé Jung sì ń béèrè àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ni ẹ̀tọ́ sí i. Ìbéèrè tó bá kúrú tó sì ṣe pàtó, tó dárúkọ lẹ́tà àti ọjọ́ rẹ̀, ni ó máa ń rí èsì tó dára. “Mo fẹ́ mọ gbogbo ohun tí ẹ ní nípa Spielrein” kò ràn ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ìdènà tó ga jù ni ọwọ́ ìkọ̀wé. Freud ń kọ̀wé ní ìlànà àtijọ́ tí àwọn ará Jámánì ń pè ní Kurrent, níbi tí “e” ti jọ “n”, tí “h” àti “s” kò sì jọ ohun tí a mọ̀ rárá. Kódà Ernest Jones, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ọmọ Wales tó gbọ́ Jámánì, kò rí ìwé náà kà, ìdí nìyẹn tí Freud fi ń kọ̀wé sí i ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín. Ẹ wá lẹ́tà kan tí wọ́n ti tẹ̀ jáde nínú ìwé, ẹ gbé àwòrán rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí wọ́n tẹ̀, kí ẹ sì máa fi ìka tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ojú ewé bíi mélòó kan, ojú yóò bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rọ tó ń túmọ̀ èdè wúlò láti mọ ohun tí lẹ́tà kan dá lé lórí. Kò tó ohun tí ẹ lè fi ṣe ẹ̀rí.

Oṣù mẹ́rin ní ọdún 1909

Ibi tí mo gbà pé kí gbogbo ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀ ni àárín oṣù Kẹta sí oṣù Kẹfà 1909, nítorí pé ẹni mẹ́ta ló ń kọ̀wé, ẹni méjì nínú wọn kò sì mọ gbogbo ohun tí ẹnì kẹta ń sọ. Ẹ to lẹ́tà àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́wọ̀ọ̀wọ́ ní ọjọ́ wọn, ẹ má ka ti ẹnìkan tán kí ẹ tó bọ́ sí ti ẹlòmíràn.

Ní 7 oṣù Kẹta, Jung kọ̀wé sí Freud pé aláìsàn obìnrin kan tí òun ti ràn lọ́wọ́ ń ba òun lórúkọ jẹ́. Kò dárúkọ rẹ̀. Freud fi èsì tù ú nínú. Ní 30 oṣù Karùn-ún, Spielrein fúnra rẹ̀ kọ̀wé sí Freud, ó ní òun fẹ́ wá rí i. Freud kò mọ ẹni tó jẹ́, ó sì béèrè lọ́wọ́ Jung ní 3 oṣù Kẹfà. Ní ọjọ́ kejì Jung jẹ́wọ́ pé Spielrein ni obìnrin tí òun ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ bí ẹni pé obìnrin náà ló ń lépa òun. Freud gbà á gbọ́, ó sì kọ èsì tó tutù sí Spielrein. Ìgbà tó di 21 oṣù Kẹfà ni Jung tó kọ̀wé sí Freud pé òun jẹ̀bi, pé lẹ́tà tí òun kọ sí ìyá ọmọbìnrin náà jẹ́ ìwà àbòsí.

Ẹni tó bá ka lẹ́tà Jung nìkan títí di 4 oṣù Kẹfà yóò rí obìnrin tí ọpọlọ rẹ̀ kò tíì balẹ̀. Ẹni tó bá ka gbogbo rẹ̀ papọ̀ yóò rí ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún kan tó dúró lórí òótọ́ rẹ̀ níwájú àwọn ọkùnrin méjì tó lágbára jù ú lọ, títí ọ̀kan nínú wọn fi yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí bí ìbáṣepọ̀ òun àti Jung ṣe jinlẹ̀ tó. Ìwé kò parí iyàn náà, èmi ò sì rò pé ó yẹ kí ó gba gbogbo àkókò yín. Pé dókítà wọ inú irú ìbáṣepọ̀ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú aláìsàn rẹ̀, tó sì tún parọ́ nípa rẹ̀ fún Freud, èyí wà nínú ìwé kedere.

Ìwé mìíràn tún wà tí kò yẹ kí ẹ fò. Ní 25 oṣù Kẹsàn-án 1905, Jung kọ ìròyìn kan nípa Spielrein sí Freud, ó sì fi lé ìyá Spielrein lọ́wọ́ kí ó lò ó bó bá wù ú. Nígbà yẹn, Jung àti Freud kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé síra wọn. 1906 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ìròyìn náà kò dé ọwọ́ Freud. Bẹ́ẹ̀ ó wà nílẹ̀, ó ní ọjọ́, ó ní orúkọ ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí. Bí ẹ bá kàn rí i nínú fáìlì, ẹ óò kọ ọ́ pé Freud ti mọ̀ nípa ọmọbìnrin yìí láti 1905, ẹ óò sì ṣìnà.

Inú ìwé ilé ìwòsàn Burghölzli ni ìròyìn yìí ti jáde, àwọn ìwé tí dókítà Bernard Minder ṣe ìwádìí lé lórí tó sì tẹ̀ jáde ní àwọn ọdún 1990. Ẹ fi ìṣọ́ra ka fáìlì ilé ìwòsàn. Ohùn dókítà ni gbogbo rẹ̀. Ohun tí aláìsàn sọ gba orí kálámù ẹlòmíràn kọjá. Spielrein kò fọwọ́ sí i kí ayé kà nípa bí bàbá rẹ̀ ṣe ń lù ú, a kò sì lè bi í mọ́. Ohun tó bá ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ tàbí ìtọ́jú tó rí gbà ni kí ẹ mú lò, ìyókù kò di dandan.

Iṣẹ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀

Ohun tó ń bí mi nínú jù nínú ọ̀pọ̀ ìtàn nípa Spielrein ni pé ẹni tó kọ wọ́n kò ka ohun kan tó kọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí àpilẹ̀kọ oyè dókítà rẹ̀ ti 1911, èyí tó dá lórí obìnrin kan tó ní àrùn ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní schizophrenia. Ó jókòó tì í, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ tí gbogbo ènìyàn kà sí ìsọkúsọ, ó sì wá ìtumọ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ni ẹ ka àpilẹ̀kọ 1912, níbi tó ti jiyàn pé ìparun wà nínú ohun tó ń mú kí nǹkan tuntun wáyé, pé nínú ìfẹ́ bíbímọ gan-an, ara àtijọ́ gbọ́dọ̀ yọ́ kí tuntun tó jáde.

Ní 1920, Freud gbé èrò tirẹ̀ jáde pé ìfẹ́ ikú wà nínú ohun abẹ̀mí. Ó dárúkọ Spielrein nínú àlàyé ìsàlẹ̀ ìwé, ó ní ó ti sọ púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣáájú, ṣùgbọ́n pé àpilẹ̀kọ náà kò yé òun tán. Láti ibẹ̀ ni àwọn kan ti ń pariwo pé Freud jí èrò obìnrin. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ìwé mẹ́ta ló wà fún yín. Èkíní ni àkọsílẹ̀ ìpàdé ẹgbẹ́ Vienna ti 29 oṣù Kọkànlá 1911, ọjọ́ tí Spielrein ka apá kan nínú iṣẹ́ náà níwájú wọn. Otto Rank ni akọ̀wé ẹgbẹ́ nígbà náà. Èkejì ni lẹ́tà tí Freud kọ sí Jung lọ́jọ́ kejì, níbi tó ti sọ ohun tó rò nípa ìwé náà. Ẹ̀kẹta ni àpilẹ̀kọ náà bí ó ṣe jáde ní 1912. Ẹ kà wọ́n pọ̀, ẹ óò rí i pé ìparun tí Spielrein ń sọ ń ṣiṣẹ́ fún ìbí, nígbà tí ti Freud ń fa ohun abẹ̀mí padà sí ipò aláìlẹ́mìí. Freud jẹ ẹ́ ní gbèsè, gbèsè náà sì ju àlàyé ìsàlẹ̀ ìwé lọ, ṣùgbọ́n èrò méjèèjì kò rí bákan náà.

Kí ẹ má sì dúró sí 1912. Ní 1920, ní ìpàdé àgbáyé àwọn oníṣẹ́ psychoanalysis ní The Hague, ó sọ̀rọ̀ lórí bí ọmọdé ṣe ń dá ọ̀rọ̀ “pápá” àti “mámá” sílẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1922. Ó so ọ̀rọ̀ náà mọ́ ìṣesí ẹnu ọmọ tó ń mu ọmú. Ní 1921, ní Geneva, ó ṣe psychoanalysis fún Jean Piaget ní nǹkan bí oṣù mẹ́jọ, ọ̀dọ́kùnrin tó padà di àgbà nínú ìmọ̀ bí ọpọlọ ọmọdé ṣe ń dàgbà. Mo rò pé ibí yìí ni ìwádìí tuntun pọ̀ sí jù, nítorí pé a kò tíì fi suuru gbé ohun tí àwọn méjèèjì kọ nípa ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọdé ní ọdún wọ̀nyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn tó.

Fún ọdún Rostov, kò sí ẹrù lẹ́tà kankan tó dà bíi ti Geneva. Ìjọba Soviet ti ilé ẹ̀kọ́ psychoanalysis tó wà ní Moscow pa ní 1925, wọ́n sì pa àwọn arákùnrin Spielrein mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Isaac, Jan àti Emil, láàárín 1937 sí 1938. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá gbọ́n kì í pa lẹ́tà mọ́. Ìwé tó ti jáde síta ni kí ẹ wò, pàápàá àpilẹ̀kọ rẹ̀ ti 1931 lórí àwòrán tí ọmọdé yà nígbà tí wọ́n la ojú àti nígbà tí wọ́n dijú. Èdè Jámánì ló fi kọ ọ́, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde lẹ́yìn odi, èyí tó fi hàn pé ó ṣì ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nígbà tí ìyẹn ti léwu.

Bí ẹ bá fẹ́ tẹ ohun tí ẹ rí jáde

Lórí gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ bá dà kọ, ẹ kọ orúkọ àkójọ, nọ́ńbà àpótí, orúkọ fáìlì, ọjọ́ ìwé, àti bóyá àtilẹ̀wá ni ẹ rí tàbí àwòrán tàbí ìtumọ̀. Bó bá jẹ́ ìtumọ̀, ẹ dárúkọ ẹni tó túmọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀tọ́ tún wà níbẹ̀. Òfin Nàìjíríà ti 2022 dáàbò bo ìwé òǹkọ̀wé fún àádọ́rin ọdún lẹ́yìn òpin ọdún tó kú, bẹ́ẹ̀ náà ni ní Bìrìtéènì àti ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù. Freud kú ní 1939, Spielrein ní 1942, nítorí náà ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde nígbà ayé wọn ti bọ́ lábẹ́ ìdáàbòbò yẹn. Jung kú ní 1961, tirẹ̀ ṣì wà lábẹ́ rẹ̀ títí ọdún 2031 yóò fi parí. Ìtumọ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀, ti ìwé tí a kò tẹ̀ rí sì máa ń yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè. Kí ẹ tó gbé àwòrán lẹ́tà kankan sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ka ojú ewé ẹ̀tọ́ ilé ìpamọ́ tó ni ín, kí ẹ sì kọ̀wé béèrè àṣẹ. Èsì lè pẹ́, nítorí náà ẹ béèrè nígbà tí ẹ ṣì ń kọ iṣẹ́ náà lọ́wọ́, kí ó má baà jẹ́ pé àṣẹ ni yóò kù nígbà tí gbogbo nǹkan bá ti parí.